Kọ̀ǹpútà Àyálò

Àwọn àgbà a máa wí pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún un lẹ́sẹ̀, a ṣò ó. Ṣùgbọ́n ohun àyálò kan wà lóde òní tí ń fẹ̀ tí ó sì ń sún kì bí ẹni tí ó yá a bá ti fẹ́. Òun ni kọ̀ǹpútà àyálò, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cloud. Láti ọdún 2006 ni Amazon ti ń fi agbára kọ̀ǹpútà rẹ̀ háyà. Microsoft àti Google náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Èrè rẹ̀ kò fara sin. Ní ọjọ́ tí èsì ìdánwò bá jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ a máa ya lu ojú òpó kan ṣoṣo. Bí kọ̀ǹpútà kan péré bá ń dá wọn lóhùn, yóò dákú, ọmọ ẹlòmíràn yóò sì pàdánù àǹfààní rẹ̀. Níbi tí ètò bá ti dára, a ó pín èrò náà sáàárín kọ̀ǹpútà púpọ̀. Bí èrò ti ń pọ̀ ni a ń fi òmíràn kún un. Bí wọ́n bá túká, a ó dá a padà, owó rẹ̀ yóò sì dúró.

Síbẹ̀, ewu ń bẹ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, iṣẹ́ báńkì sì dàrú ní Nàìjíríà. Bí ọ̀nà òkun bá dí, báwo ni ẹni tí gbogbo ẹrù rẹ̀ wà lókè òkun yóò ṣe dé ìdí rẹ̀? Dọ́là ni a sì fi ń ṣírò púpọ̀ nínú owó háyà yìí. Dọ́là kan tí kò tó náírà 500 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ti kọjá 1,500 nínú ọdún 2024.

Èrò tiwa ni pé kí ìjọba àti àwọn oníṣòwò wa má ṣe sá fún ohun rere yìí, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ọgbọ́n lò ó. Kí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà àkọsílẹ̀ pàtàkì sí ilé. Kí wọ́n fi ààlà sí iye kọ̀ǹpútà tí ó lè dìde, kí gbèsè má baà bá wọn lójijì. Kí wọ́n dán ojú òpó wò kí ọjọ́ èrò tó dé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ní iṣẹ́ náà, nítorí a lè yá ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ máa yá ọgbọ́n títí ayé. Ẹni tí yóò wọ aṣọ àyálò, kò yẹ kí ó sun tirẹ̀ níná.