Bí Ọmọ Bá Ní Aáyán Ni Òun Fẹ́ Sìn



Ìyá àgbà kan ní Kétu ránṣẹ́ sí wa pé ọmọ ọmọ òun tí ń gbé ní ilẹ̀ Faransé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ń sin aáyán. Kì í ṣe pé aáyán pọ̀ nílé wọn: owó ni ọmọ náà fi rà wọ́n. Ó kó wọn sínú àpótí dígí, ó ń fún wọn ní kárọ́ọ̀tì jẹ, ó sì fẹ́ kó díẹ̀ bọ̀ wá han ìyá rẹ̀ àgbà nígbà ìsinmi. Ìyá wa béèrè pé: "Ṣé orí ọmọ náà pé báyìí? Ṣé kí n gbà kí ó kó wọn wọ ilé mi?"

Orí ọmọ náà pé, Ìyá wa. Ṣùgbọ́n kí ó má kó wọn bọ̀.

Aáyán kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Àwọn tí ń ṣe ìwádìí kòkòrò ti ka irú rẹ̀ tí ó lé ní 4,000 káàkiri ayé. Inú igbó, abẹ́ ewé gbígbẹ àti inú igi jíjẹrà ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé, wọn kò sì mọ ọ̀nà ilé ìdáná ẹnikẹ́ni. Nǹkan bí 30 péré ni ó ń bá ènìyàn gbé, àwọn wọ̀nyí ni ó sì ba ìyókù lórúkọ jẹ́. Aáyán pupa ńlá tí à ń fi bàtà lé lóru, àwọn onímọ̀ fi orúkọ Amẹ́ríkà pè é, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín ni ó ti lọ. Inú ọkọ̀ ojú omi ni ó bá dé ọ̀hún láyé òwò ẹrú. Kí ọmọ kankan má ṣe mú irú èyí láti inú ṣáláńgá tàbí ilé ìdáná pé òun fẹ́ sìn ín. Ìdọ̀tí tí ó ti rìn kọjá ń bẹ ní ẹsẹ̀ rẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń sìn lókè òkun, Madagásíkà ni ilé rẹ̀, erékùṣù ńlá tí ó wà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Faransé bíi tiwa. Ó gùn tó ìka ọwọ́, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7. Kò ní ìyẹ́, nítorí náà kò lè fò lu ẹnikẹ́ni lójú. Akọ ní kókó méjì bí ìwo lẹ́yìn orí, bí akọ méjì bá sì pàdé, wọn a kan ara wọn bí àgbò. Ohùn rẹ̀ ni ó ń ya ènìyàn lẹ́nu jù. Kòkòrò mìíràn a máa fi ìyẹ́ tàbí ẹsẹ̀ ha ara wọn kí wọ́n tó dún. Èyí a fi ipá ti afẹ́fẹ́ jáde láti inú ihò tí ó fi ń mí ní ẹ̀gbẹ́ ikùn, a sì dún ṣìì bí ejò. Abo náà ń dún bí a bá dà á láàmú, ṣùgbọ́n ti ìjà àti ti wíwá ìyàwó, akọ ló ni ín. Kò ní oró, kì í ta. Ní ọgbà ẹranko Bronx ní New York, láti ọdún 2011, ènìyàn lè san owó kí wọ́n sọ ọ̀kan nínú wọn ní orúkọ olólùfẹ́ rẹ̀. A kò mọ obìnrin Kétu tí yóò fara mọ́ ọn.

Aáyán fẹ́ jó, adìẹ ni kò jẹ́, ni àwọn àgbà wí. Kò sí adìẹ nínú àpótí dígí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà níbẹ̀. Àpótí náà gbọ́dọ̀ ní ìdérí, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ dígí. Wọn a sì tún fi Vaseline pa etí rẹ̀ yípo nínú, kí ó lè yọ̀ bí ó bá gùn dé òkè. Páálí ẹyin ni yóò fi ṣe ibi ìfarapamọ́. Ó ń fẹ́ ooru, nǹkan bí 25 sí 30 lórí ìwọ̀n ooru, nítorí náà ní ìgbà òtútù a gbọ́dọ̀ wá ohun tí yóò mú àpótí náà gbóná. Ewé, èso àti oúnjẹ gbígbẹ ti ajá ni ó ń jẹ. Omi rẹ̀, inú òwú tútù ni kí a fi sí, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ a máa kú sínú àwo omi.

Àwọn ọmọ yìí gan-an ni kí bàbá ọmọ náà ronú sí. Abo kì í fi ẹyin sílẹ̀ bí ti ilé wa. Inú ara rẹ̀ ni ó ń gbé wọn sí fún nǹkan bí oṣù méjì, kí ó tó bí wọn láàyè, 15 sí 40 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni ọmọ yóò bọ́ awọ kí ó tó dàgbà. Nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ, yóò funfun báláú, ara rẹ̀ yóò sì rọ̀. Kò ṣàìsàn. Kí a má fọwọ́ kàn án títí yóò fi dúdú. Kí ọdún tó yí po, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn náà lè di abiyamọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n bí sí i, akọ nìkan ni kí ó rà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè lo ọdún 2 sí 5, kí ọmọ náà mọ̀ pé kì í ṣe eré ìsinmi kan.

Ìdí nìyí tí a fi ní kí ó má kó wọn bọ̀. Kòkòrò láàyè ní òfin tirẹ̀ ní ẹnu ibodè, wọ́n sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ní ilẹ̀ Faransé, èyí tí ó bá sá bọ́ síta, òtútù yóò pa á. Níhìn-ín kò sí òtútù tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá pọ̀ jù náà, kí a má dà á sí igbó níbikíbi. Àwọn tí ń sin aláǹgbá ń rà á fún oúnjẹ ẹran wọn.

Kí bàbá rẹ̀ tún wo inú ilé dáadáa. Ìgbẹ́ aáyán àti awọ tí ó bọ́ a máa ru ikọ́ fée sókè, ebu tí ó ń hù lára oúnjẹ tí ó bàjẹ́ nínú àpótí náà kò sì dára fún àyà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ikọ́ fée níbẹ̀, kí àpótí náà má sí ní yàrá tí ó ń sùn. Kí ọmọ máa kó oúnjẹ àná kúrò, kí ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ nígbàkígbà tí ó bá gbé wọn.