Orúkọ Lára Pápá Kì í Ṣe Ìtàn

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, olówó ọmọ Abẹ́òkúta tó jáwé olúborí nínú ìdìbò ọdún 1993, kú sí àtìmọ́lé ní ọjọ́ 7 oṣù Keje, ọdún 1998. Láti ìgbà náà, pátákó orúkọ ni ìjọba ń fi ṣe ìrántí rẹ̀. Ní 2012, wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ pe Yunifásítì Èkó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yarí, orúkọ náà kò sì dúró. Ní 2019, wọ́n fi í sọ pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Àbújá.

Pátákó kì í jẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ méjì tó takora ni akẹ́kọ̀ọ́ Ìpele, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ń gbọ́. Àwọn kan ní olóore ni: ó náwó fún yunifásítì, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, Abiola Babes, sì gba ife-ẹ̀yẹ Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Àwọn mìíràn ní kí ó lọ gbọ́ orin tí Fẹlá fi bú u nítorí ilé-iṣẹ́ ITT. Oríkì kò tó ẹ̀rí. Orin èébú náà kò tó o. Lẹ́tà, ìwé àdéhùn, ìwé ìṣirò owó àti àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn Concord tó dá sílẹ̀ ní 1980 ni yóò fi òótọ́ hàn.

Àwọn kan yóò ní kí á ṣa èyí tó dára, kí á sun èyí tó lè ba olóògbé lórúkọ jẹ́. Ìmọ̀ràn burúkú gbáà ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé-ẹjọ́ àwọn Òyìnbó sọ Herbert Macaulay sẹ́wọ̀n kí ó tó kú ní 1946. Síbẹ̀, àwọn ìwé rẹ̀ wà ní ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ìtàn sì ń kà wọ́n. Ta ló wá sọ pé iyì Macaulay dínkù nítorí ìyẹn?

Ojúṣe ìjọba, ẹbí àti àwọn yunifásítì tó jẹ oore Abíọ́lá ni láti kó ìwé rẹ̀ jọ sí ojú kan, láìyọ ọ̀kan, kí ọmọ tálákà láti Ìpele lè wọlé kà á. Ikán kò mọ ìwé olówó yàtọ̀. Kí olùkọ́ tó bá sì ń kọ́ni nípa ọkùnrin yìí sọ ire rẹ̀ àti ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, kí ó sì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti béèrè pé: ẹ̀rí dà?