Ẹ̀wù Tí Wúrà Ń Wọ̀

Ọ̀rọ̀ wúrà ni mo mú wá lóṣù yìí, kì í ṣe èyí tí ìyàwó ń fi sọ́rùn o. Bí ègé wúrà bá kéré tó 20 nánómítà, tí a bá to nǹkan bí 4,000 rẹ̀ kí ó tó gba ìbú irun orí kan, tí ó sì wà nínú omi, pupa bí omi ìṣápá ni omi náà yóò rí. Ẹ da iyọ̀ díẹ̀ sí i: kíá ni yóò di àwọ̀ aró. Àwọn ègé náà ló dì pọ̀ bí àmàlà tó ní kókó. Michael Faraday ti rí èyí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1857, ó sì rí i pé bí jẹlátìnì bá wà nínú omi náà, iyọ̀ kò rí i gbé ṣe.

Ẹ̀wù ni jẹlátìnì yẹn. Pólímà ni, ohun tó gùn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí okùn. Ó lọ́ mọ́ wúrà lára, kò jẹ́ kí ọ̀kan fara kan ìkejì. Lónìí, a lè yan pólímà tó ní imí ọjọ́ ní orí kan, nítorí imí ọjọ́ àti wúrà a máa dì mọ́ra gírígírí.

Láti fi bo dígí kò le. Ojú dígí nínú omi ní agbára mànàmáná tirẹ̀. A ó rì í bọ inú pólímà tó ní òdìkejì agbára náà, a ó ṣàn án, a ó wá rì í bọ inú omi wúrà tí ẹ̀wù rẹ̀ ní irú agbára ti dígí. Wúrà yóò tò sójú rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Bíkà àti omi mímọ́ ni.

Ìdí rèé tí inú mi fi dùn sí iṣẹ́ àwọn ará LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 2016 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn fi omi èèpo obì gbànja, èyí tí à ń dà nù, ṣe ègé fàdákà wẹ́wẹ́. Wọ́n pò ó mọ́ ọ̀dà, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n fi dán an wò kò sì lè hù níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n fàdákà tó ń pa kòkòrò lára ògiri lè pa ti inú odò pẹ̀lú. Ní 2008, ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona, wọ́n fọ àwọn ìbọ̀sẹ̀ kan tó ní fàdákà lára. Fàdákà bá omi ìfọṣọ lọ. Lójú tèmi, kí fàdákà dúró síbi tí a fi í sí gan-an ni iṣẹ́. Ẹni tó bá ń wá àkòrí ìwé oyè láàárín wa, kó kun irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ sí pákó, kó máa da omi sí i lójoojúmọ́ bí òjò oṣù kẹfà, kó sì wọn fàdákà inú omi tó bá ṣàn sílẹ̀.