Òkò Tí A Sọ Sọ́jà

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ní ọjọ́ méjìlá tí Ìráànì àti Ísírẹ́lì fi ń sọ iná lu ara wọn, èrò kì í tú ní ìdí fẹ́ńdọ̀ tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn ní Òkè-Fíà, ní Òṣogbo. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà fi ìka kan àwòrán mísáìlì tó wà lójú ìwé. Ó ní, "Bàbá, irú eléyìí ló yẹ kí Nàìjíríà ní. Machine Tools ṣáà wà ní Òṣogbo níbí, iléeṣẹ́ irin náà wà. Kí ló kù tí a ò lè rọ?"

Mo ní, "Ọmọ mi, ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹ̀ ní í bà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bínú o, Bàbá, òwe ẹni tí ẹ̀rù ń bà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ yẹ lẹ́ni tí à ń fún ní èsì tó kún, kì í ṣe òwe kan ṣoṣo lórí ìdúró.

Òkò gan-an ni mísáìlì tí à ń wí yìí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iná fi ń jó nídìí irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ballistic. Bí epo rẹ̀ bá ti tán, kò sí ẹ́ńjìnnì tó ń tì í mọ́. Yóò gòkè kọjá ibi tí bàálù ń fò, yóò jáde kúrò nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ìwúwo ara rẹ̀ yóò sì fà á wálẹ̀. Ọmọ tó ń sọ òkò sí máńgòrò mọ ìṣe rẹ̀: ọwọ́ ti jù ú sílẹ̀, ó di ọwọ́ ibi tó bá balẹ̀ sí. Èyí tó bá lè rìn tó kìlómítà 1,000 sí 3,000 ni wọ́n kà sí alábọ́ọ́dé.

Ìráànì kò dédé kó sínú iṣẹ́ yìí. Ogun òun àti Ìráàkì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1980, gba ọdún mẹ́jọ. Ní 1988, mísáìlì tí Ìráàkì sọ lu Tehran àti àwọn ìlú mìíràn lé ní 100, àwọn èèyàn sì ń kó ọmọ wọn sá kúrò nílùú. Ìráànì ti kọ́kọ́ rí ìwọ̀nba mísáìlì Scud gbà lọ́wọ́ Líbíà, ó tún yà sọ́dọ̀ Àríwá Kòríà. Ara Nodong ti Kòríà yẹn ni wọ́n ti yọ Shahab-3, tí wọ́n dán wò ní 1998, tó lè rin bíi kìlómítà 1,300. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ìràwọ̀ tó já. Ní ọdún 2008, Sejjil dé, èyí tí epo rẹ̀ ti dì sínú rẹ̀, tí kò sí pé à ń rọ epo sí i kó tó gbéra. Ó lè rìn tó kìlómítà 2,000. Hassan Tehrani Moghaddam, tí wọ́n ń pè ní bàbá iṣẹ́ náà, kú ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2011, nígbà tí ibùdó tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ náà bú gbàù mọ́ òun àti àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹni tí òkò ti bà rí ló ń wá òkò tirẹ̀. N kò lè bú u fún ìyẹn.

N kò lè bú u, nítorí Ìjẹ̀ṣà ni mí. Ní 1870, Ìbàdàn kó Iléṣà. Àwọn ajẹ́lẹ̀ wọn jókòó sáàárín àwọn ìlú Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń kó. Nígbà tí Èkìtì Parapọ̀, àjọṣe ogun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, dìde, àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó dáwó jọ, wọ́n ra ìbọn òyìnbó tuntun, èyí tí wọ́n ń ki láti ìdí, ránṣẹ́ sílé. Ṣakabùlà, ìbọn àtijọ́ tí wọ́n ń ki láti ẹnu, ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn Ìbàdàn. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 yẹn wá di ohun mìíràn. Láàárín òkè Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ, ìró ìbọn ń lu òkè, ó ń padà, kírìjì, kírìjì, títí ó fi di orúkọ ogun náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí wọ́n tó tú bùdó ká.

Ara mi máa ń yá gágá bí mo bá gbọ́ orúkọ Ògèdèǹgbé Agbógungbórò, jagunjagun wa tó ṣáájú ogun náà. Síbẹ̀, ẹni tí ọta ìbọn tí a fi owó Èkó rà yẹn bá bà, èdè Yorùbá ló fi ń ké pe ìyá rẹ̀. Ìbàdàn gan-an ni Ògèdèǹgbé ti kọ́ iṣẹ́ ogun nígbà èwe rẹ̀. Ìbọn Kírìjì kò sì ju àfonífojì kan lọ. Ẹni tó ń yìn ín ń rí èéfín ibi tí ọ̀tá ti ń dáná oúnjẹ. Ó mọ ẹni tó ń bá jà.

Ibí yìí gan-an ni òwe náà ti ń sọ̀rọ̀. Kò bú òkò. A ń fi òkò lé ẹyẹ kúrò nínú oko, kò sẹ́ni tó ń bi ni. Ọjà ni òwe mẹ́nu bà, nítorí ní ọjà, ojú kò lè ṣa ẹni ẹni àti ẹlòmíràn. Ẹ lọ dúró ní Ọjà Ọba nírọ̀lẹ́: obìnrin Ìkìrun lórí iyán rírọ̀, Haúsá lórí àlùbọ́sà, ìyàwó Ìjẹ̀ṣà tó ń ná ẹja, ọmọ ilé ìwé tí ìyá rẹ̀ rán ní ata. Àwọn Shahab àkọ́kọ́ lè fi ju kìlómítà kan lọ yà kúrò níbi tí wọ́n fojú sùn. Èyí ni pé Òkè-Fíà ni wọn ìbá máa fojú sùn, kó lọ balẹ̀ sí Ọjà Ọba. Ohun tó bá ń yà tó bẹ́ẹ̀ kò ṣe é sọ lu bùdó ọmọ ogun. Ìlú odidi ló tóbi tó o. Wọ́n ti tún àwọn ti ìsinsìnyí ṣe, wọn kò yà tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀tá bá fọ́ wọn lójú òfurufú, irin wọn kì í mọ ibi tó ń já sí.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Ìráànì sọ mísáìlì bíi 180 sí Ísírẹ́lì. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Palẹsitínì wà lára ohun tí wọ́n ní àwọn ń jà fún. Ní Jẹ́ríkò, irin ńlá kan já láti ojú ọ̀run lu ọkùnrin kan tó ń rìn lọ ní títì, ó sì pa á. Ará Palẹsitínì ni, ọmọ Gásà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, òmíràn balẹ̀ sórí ilé kan ní Tamra, ìlú àwọn Lárúbáwá tó wà nínú Ísírẹ́lì, obìnrin mẹ́rin kú nínú ẹbí kan ṣoṣo. Àwọn tí àdó olóró Ísírẹ́lì pa nínú ilé wọn ní Tehran náà ní ìyá, wọ́n ní ọmọ. Ikú wọn kò fúyẹ́ ju ti Tamra lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá fi Òṣogbo ṣe àárín, ká fa okùn kìlómítà 1,000 yíká. Kútọnu wà nínú rẹ̀, Lomé àti Accra wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Niamey àti Ouagadougou. Abidjan wà létí rẹ̀. Èwo nínú wọn ni kò ní ọmọ Ọ̀ṣun? Ní Èjìgbò, tí kò jìnnà sí wa, bọ́ọ̀sì ń gbé èrò lọ sí Abidjan bí ẹni ń lọ sí Ìbàdàn, àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ sì ń fi Faransé dá àpárá. Àwọn tó sì ń jí wa gbé lójú ọ̀nà, inú igbó ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n wà, wọn kò sí ní kìlómítà 1,000. Síbẹ̀, n kò kọ ìmọ̀ náà. Ní Ẹ̀pẹ́, ìjọba ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó wù mí kí ìmọ̀ yẹn gbé sátẹ́láìtì wa gòkè láti ilẹ̀ wa. Ó wù mí kí irin Òṣogbo di ẹ̀rọ tí àgbẹ̀ ń lò.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ náà nígbà tí a tún pàdé. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó bi mí pé, "Tí àwọn mìíràn bá wá sọ tiwọn lù wá ńkọ́, Bàbá?" Mo ní ká ní ohun tó ń gba òkò lójú òfurufú kó tó balẹ̀, ìyẹn ni mo fara mọ́ kí wọ́n ná owó lé.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní àbúrò ìyá òun ń ta aṣọ ní Treichville, ní Abidjan, kí wọ́n tó bí òun ló ti wà níbẹ̀. Ó ká ìwé ìròyìn náà, ó dá a padà fún fẹ́ńdọ̀.