Ọṣẹ àti Táwẹ̀lì Ni A Ń Bèèrè, Kì í Ṣe Àánú

 

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí àwọn kan fi rẹ́rìn-ín nígbà tí a kọ́kọ́ gbé e dé ìpàdé ẹ̀ka. Wọ́n ní ṣé ọ̀rọ̀ pílásítà náà ti wá di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́? Wọ́n ní owó oṣù kò tó jẹun, owó ọkọ̀ ń lọ sókè, ọ̀gá fẹ́ dá àwọn oníṣẹ́ ojúmọ́ dúró, ẹnì kan wá dìde ní tirẹ̀, ó ní ohun tó lẹ̀ mọ́ apá òun ń bọ́. A fẹ́ dá irú àwọn bẹ́ẹ̀ lóhùn lónìí. Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọ̀kan nínú wa ti ní àtọ̀gbẹ láti kékeré, ínsúlíìnì ló fi ń gbé ẹ̀mí ró. Ìdí ẹ̀rọ tó ń fọ ìgò ló ti ń ṣiṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi sẹ́ńsọ̀ méjì ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ni, ó fi díẹ̀ tóbi ju ìdérí ìgò mínírà lọ, ẹ̀yìn apá ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ abẹ́ awọ, òun ló ń wo iye ṣúgà tó wà nínú omi ara, tó sì ń rán iṣẹ́ sí fóònù tọ̀sántòru. Ọjọ́ 14 ló yẹ kí irú èyí tí ó lò wà lára. Èkíní bọ́ ní ọjọ́ karùn-ún nínú ooru àti òógùn. Èkejì kò bọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà tó ń tú ara òṣìṣẹ́ wò nígbà tí wọ́n ń lọ sílé ló fọwọ́ kàn án lábẹ́ ẹ̀wù, ó rò pé ẹrù ilé-iṣẹ́ ni ó fi pamọ́, ó sì fà á tu. Ẹ̀jẹ̀ jáde. Nígbà tí arákùnrin wa lọ fẹjọ́ sun súpáfáísọ̀, èsì tí ó gbà ni pé, "Ẹ̀bi tìẹ ni. Ta ló ní kí o lẹ nǹkan mọ́ra wá síbi iṣẹ́?"

Sẹ́ńsọ̀ tó bá sì ti tu, ó ti parí nìyẹn. A kì í tún un lẹ̀.

Ta ló ní kó lẹ nǹkan mọ́ra? Ẹ jẹ́ kí a dáhùn ìbéèrè yẹn. Kí ọdún 1922 tó dé, irú àtọ̀gbẹ tó mú un yìí kì í jẹ́ kí ènìyàn pẹ́ láyé. Oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, ní Toronto ní Kánádà, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Leonard Thompson ní ínsúlíìnì, ó sì tún gbé ọdún 13 sí i láyé. Láti ìgbà náà ni ẹni tó ní àrùn yìí ti lè ṣiṣẹ́, kó gbéyàwó, kó tọ́mọ. Ṣùgbọ́n ínsúlíìnì fúnra rẹ̀ le bí ọ̀bẹ olójú méjì. Bó bá pọ̀ ju oúnjẹ àti iṣẹ́ ọjọ́ yẹn lọ, ṣúgà á wálẹ̀: ara á máa gbọ̀n, òógùn á bo èèyàn, ojú á ṣú, ọ̀rọ̀ á máa dàrú lẹ́nu. Ẹni tó ń ti ẹrù lè jókòó kó mu mínírà. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ agélẹ̀rín ńkọ́? Ẹni tó kó èrò sẹ́yìn lórí afárá ńkọ́? Sẹ́ńsọ̀ yìí ló ń pariwo fún un kí ojú tó ṣú. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kò kan òun bóyá ó wà lára awakọ̀ tàbí ó ti bọ́, kó rántí pé òun náà ń wọ ọkọ̀.

Ti pọ́ǹpù ínsúlíìnì tún le ju èyí lọ. Àwọn tó ń lò ó láàárín wa kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Ínsúlíìnì tó ń yára ṣiṣẹ́ nìkan ló ń bá inú rẹ̀ wọ ara, díẹ̀díẹ̀. Bí ibi tó lẹ̀ mọ́ra bá ṣí, tí ọ̀pá kékeré náà yọ kúrò lábẹ́ awọ, kò sí ínsúlíìnì mìíràn nílẹ̀ nínú ara. Láàárín wákàtí mélòó kan, ṣúgà á ti gun òkè, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kan bí ẹ̀kọ tó pẹ́ nílẹ̀, èèyàn á máa bì, ó sì lè gbẹ̀mí. Gọ́ọ̀mù tí kò ju fífẹ̀ ọ̀pá ìka méjì lọ ló wà láàárín òṣìṣẹ́ náà àti ilé ìwòsàn. Ṣé ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín?

A ó sọ òótọ́, àwa náà ní ẹ̀bi tiwa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń fi òrí tàbí fasilín para tán kó tó rántí pé òun fẹ́ lẹ sẹ́ńsọ̀. Ohun olóròóró kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù di awọ mú. Ọṣẹ lásán tí kò ní ìpara nínú ni kí ẹ fi fọ ojú ibẹ̀, kí ẹ fá irun rẹ̀ bó bá pọ̀, kí ẹ fi òwú àti sípíríìtì nù ún, kí ẹ sì dúró kí ó gbẹ pátápátá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyẹn, ìkánjú kì í jẹ́ kí wọ́n dúró. Bí ẹ bá ti lẹ̀ ẹ́, ẹ fi ìka tẹ etí rẹ̀ yíká dáadáa. Alẹ́ ló dára láti lẹ̀ ẹ́, pàápàá alẹ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, nítorí bí wákàtí bá ṣe ń gorí wákàtí ni gọ́ọ̀mù yìí ń di awọ mú sí i. Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ní aago márùn-ún ìdájí, tó sì ti wà lẹ́nu ààrò ní aago méje, òógùn ti ṣáájú gọ́ọ̀mù.

Awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, apá ọ̀tún ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Apá òsì lẹ ń gbé lé ojú fèrèsé, èjìká òsì náà ni bẹ́líìtì ìjókòó ń gbà kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àpò sí èjìká ọ̀tún, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ òsì. Ẹ wá téèpù aláṣọ tó ń fà, irú èyí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń lẹ̀ mọ́ orúnkún, ẹ gé e róbótó kí ẹ fi bò ó. Igun tó bá mú ṣónṣó ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Bí sẹ́ńsọ̀ náà bá ní ihò kékeré láàárín, bíi FreeStyle Libre, ẹ má bo ihò yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lo gúlúù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà, ẹ má sì lo téèpù páálí. A ti rí ẹni tó lo ti bàtà. Awọ ló bá a ṣí. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́ ni òróró wúlò: ẹ fi pa etí rẹ̀, ẹ rọra ká a kúrò, kí ẹ sì lẹ òmíràn sí apá kejì kí awọ lè sinmi.

Bí ojú ibẹ̀ bá ń yún, tó ń wú, tó ń tú omi, ẹ má rò pé ìdọ̀tí lásán ni. Ní 2017, àwọn dókítà awọ ara ní Bẹ́ljíọ̀mù rí i pé kẹ́míkà kan tó wà nínú FreeStyle Libre ìgbà náà, isobornyl acrylate, ló ń bá awọ àwọn kan jà. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é yí i padà lẹ́yìn náà. Ara kò gba nǹkan bákan náà, ẹ lọ fi han dókítà. Ohun kan sì tún kù: ẹ má fi ẹ̀rọ ìgúnka sílẹ̀ nílé. Sẹ́ńsọ̀ tó ti ń ṣí lè purọ́. Ẹni tó fi orí lé apá náà sùn díẹ̀ ní ṣíìfù òru lè gbọ́ ariwo pé ṣúgà ti wálẹ̀, kó má sì wálẹ̀ rárá.

A ti gba ẹ̀bi tiwa. Ó kan ẹ̀yin agbanisíṣẹ́. Ẹ ní kí ó nu ara rẹ̀ gbẹ kí téèpù lè dúró, kí ni ó fẹ́ fi nù ún? Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ wo ibi ìfọwọ́ yín. Ẹnu ẹ̀rọ omi kan fún odidi ṣíìfù, ọṣẹ kò sí, aṣọ tí a fi nu epo ẹ̀rọ ni a tún fi ń nu ojú. Bẹ́ẹ̀ sì ni Òfin Ilé-iṣẹ́ ti ọdún 1987 pa á láṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ pèsè ibi ìfọwọ́, àti ọṣẹ, àti táwẹ̀lì mímọ́ tàbí ohun mìíràn tí òṣìṣẹ́ lè fi nu ara gbẹ. Òfin Iṣẹ́ sì sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí kan. Ta ní ń gba wákàtí kan nínú yín? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré tó láti jáde nínú ooru, kí a nu apá gbẹ, kí a tún téèpù ṣe.

Ọ̀gá kan sọ fún aṣojú wa pé ilé oúnjẹ ni ilé-iṣẹ́ òun, pé ohun tó bá bọ́ sínú ìgò lè ba orúkọ jẹ́. Òótọ́ ni, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gé lọ́wọ́ ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pílásítà aláwọ̀ búlúù ni wọ́n ń fún un kí ojú lè tètè rí i. Wọn kì í ní kó máa lọ sílé. Ẹ fún ẹni tó ní sẹ́ńsọ̀ ní ẹ̀wù apá gígùn tó ṣe déédéé, tí ọrùn apá rẹ̀ di pinpin. Ẹ̀wù tó fún jù ló ń ha á kúrò.

Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2022 ni ìlànà ìlera wọn ti sọ pé kí wọ́n máa fi irú sẹ́ńsọ̀ yìí lọ gbogbo àgbàlagbà tí àtọ̀gbẹ onínsúlíìnì irú kìn-ín-ní bá ń ṣe. Ti arákùnrin wa, inú àpò àbúrò rẹ̀ ló ti jáde. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣòfò lórí èkíní. Ta ni yóò san án?

Ọ̀rọ̀ wa sì kan ìgbìmọ̀ ẹ̀ka yìí pẹ̀lú, bí inú bá tilẹ̀ fẹ́ bí àwọn àgbà. Àpò ìrànwọ́ wa ra aṣọ ẹgbẹ́, ó sì se ìrẹsì ọdún. Kò ra téèpù kan rí. Iye tí a fi ra ankará ẹyọ kan á ra téèpù tí yóò pẹ́ lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta.

A ó gbé ohun mẹ́ta lọ síwájú àwọn agbanisíṣẹ́. Kí ọṣẹ àti táwẹ̀lì mímọ́ wà ní gbogbo ibi ìfọwọ́ àti ní gbogbo gáréèjì. Kí ẹni tó ní ẹ̀rọ lára gba ìwé kékeré kan tí yóò fi han ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan ibẹ̀ mọ́. Kí wọ́n san owó sẹ́ńsọ̀ tí ẹ̀ṣọ́ wọn fà tu.

Títí di ọjọ́ ìpàdé náà, ẹnikẹ́ni tí tirẹ̀ bá bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ jù ú sínú àpótí ìdọ̀tí. Kó kọ ọjọ́ tí ó lẹ̀ ẹ́ àti ọjọ́ tí ó bọ́ sára bébà, kó kọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ sí i, kó fi wé e, kó sì mú un fún akọ̀wé ẹ̀ka. Orí tábìlì ọ̀gá ni a ó tú gbogbo wọn sí.