Ẹ̀kọ́ Ìwé àti Iṣẹ́ Ọwọ́ fún Àwọn Obìnrin Abúlé

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó kàwé tán ni ó kọrí sí Ìbàdàn àti Èkó, nítorí pé ìwé tí wọ́n kà kò bá iṣẹ́ pàdé ní abúlé.

Èrò tèmi ni pé kí a so ẹ̀kọ́ ìwé mọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kí a sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Ẹ jẹ́ kí a fi gàrí ṣe àpẹẹrẹ. Obìnrin ni ó sábà máa ń bó ẹ̀gẹ́, tí ó ń rin ín, tí ó ń jọ̀ ọ́, tí ó sì ń yan án nínú èéfín. Ẹ̀gẹ́ tí a wú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kí ó tó máa bàjẹ́. Nítorí náà, obìnrin tí kò ní ẹ̀rọ nítòsí, tí kò sì mọ iye tí gàrí ń lọ ní ọjà ìlú, iyekíye tí alájàpá bá dá lé e ni yóò gbà. Bí ó bá mọ ìwé àti ìṣirò, tí ó sì mọ bí a ti ń lo ẹ̀rọ, tirẹ̀ yóò yàtọ̀.

Ẹ wo Olóyè Níkẹ Òkúndayé, ọmọ Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú, Ìpínlẹ̀ Kogí. Ní ọdún 1983, ó dá ibùdó sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ àti iṣẹ́ ọnà mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tún dá òmíràn sí Ògìdì, tí àwọn obìnrin ti ń hun aṣọ. Kò di ìgbà tí wọ́n bá dé Èkó kí wọ́n tó ríṣẹ́ ṣe.

Òfin ọdún 2004 fún gbogbo ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún mẹ́sàn-án. Síbẹ̀, ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ kò rí owó ìwé àti aṣọ ilé ìwé ni ó ń kiri ọjà. Ìyá tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣófo ni yóò mú òfin náà ṣẹ.

Àwọn kan yóò ní obìnrin abúlé kò ráyè. Òótọ́ ni. Nítorí náà, kí ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, kí ó má bọ́ sí ọjọ́ ọjà, kí ó sì jẹ́ ní èdè Yorùbá. Ṣùgbọ́n ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta, tí àwọn olóṣèlú á pín ẹ̀rọ ìránṣọ, tí wọ́n á ya fọ́tò, tí wọ́n á sì bá tiwọn lọ, kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè wa, iṣẹ́ yín wà níbẹ̀. Ẹ ti mọ bí a ṣe ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ bá lọ sílé, ẹ kọ́ ìyá kan bí yóò ṣe kọ orúkọ ara rẹ̀ àti iye gàrí tí ó tà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.