Ẹ Wo Ẹ̀yìn Àpótí Yín Kí Ẹ Tó Ra Áńpù

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti ìdánwò, ṣùgbọ́n ó kan owó, ó sì kan etí. Púpọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ta gìtá ni kò fẹ́ ohùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nìkan mọ́. A fẹ́ ohùn tó kẹ̀, tó ń bú ramúramù bíi kìnnìún, irú èyí tí àwọn olórin rọ́ọ̀kì àti metal ń lò. Áńpù tó ń mú irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde ni wọ́n ń pè ní high-gain. Àwọn tó lórúkọ jù nínú wọn ṣì ń lo túùbù, ìyẹn àwọn ìgò kéékèèké tí inú wọn máa ń pọ́n yòò bí iná bá ti wọ̀ wọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni èyí. Ní 1973, àwọn ọmọ ilé-ìwé girama St. Gregory's College ní Èkó, tí wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Ofege, gbé àwo Try and Love jáde, gìtá tó kẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ orí wọn nígbà náà kéré sí tiwa.

Èrò tiwa ni pé ibi tí kò yẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń bẹ̀rẹ̀ bí a bá fẹ́ ra áńpù. Orúkọ tó wà níwájú rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò. Ẹ̀yìn àpótí sípíkà tó ti wà nílẹ̀ ló yẹ kí á kọ́kọ́ wò. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí ẹ bá ti ní àpótí, àpótí yẹn ni kó sọ irú áńpù tí ẹ máa rà.

Áńpù oní-túùbù kì í ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlòmíràn á dá àjọ fún odidi ọdún kan, ẹgbẹ́ olórin mìíràn á dáwó jọ, kí wọ́n tó rí tòkunbọ̀ kan rà. Bí ó bá wá délé tí kò bá àpótí mu, ohùn rẹ̀ lè máà dùn. Ìyẹn ṣì kéré. Ó lè jó, tàbí kí ó jó sípíkà. Ibẹ̀ ni ẹkún wà.

Ìlù kì í ṣe kọ̀ǹgọ́ nìkan

Gbogbo wa tí a ti kà nípa dùndún mọ̀ pé igi ọmọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi gbẹ́ ẹ, awọ ni wọ́n fi ń bò ó, ọ̀ṣán ni wọ́n fi ń fà á. Kọ̀ǹgọ́ lè dára títí, ọwọ́ onílù lè já fáfá, bí igi àti awọ kò bá bára mu, ìlù náà kò ní sọ̀rọ̀. Bí gìtá ṣe rí náà nìyẹn. Áńpù ni ọwọ́ àti kọ̀ǹgọ́. Àpótí sípíkà ni igi àti awọ. Ohun tí etí ń gbọ́, inú àpótí ló ti ń jáde.

Jim Marshall, tí orúkọ rẹ̀ wà lára áńpù káàkiri ayé, onílù ni kó tó di oníáńpù. Ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìlù, ó sì ṣí ilé ìtajà ní Hanwell, ní ìwọ̀-oòrùn London, ní 1960, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe áńpù ní nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà. Àpótí onísípíkà mẹ́rin tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, tí sípíkà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó íǹṣì 12, ni ọ̀pọ̀ àpótí òde òní ṣì ń wò ṣe.

Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ kà lẹ́yìn àpótí yín: óòmù, wáàtì, àti orúkọ sípíkà tó wà nínú rẹ̀.

Óòmù: èyí tí kò gba àwàdà

Nínú áńpù oní-túùbù, tiráńsífọ́mà kan wà láàárín túùbù àti sípíkà. Fóòtì túùbù ga, kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ kéré. Sípíkà ní tirẹ̀ fẹ́ kọ́rẹ́ǹtì púpọ̀ pẹ̀lú fóòtì díẹ̀. Tiráńsífọ́mà yìí ló ń báwọn làjà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí 4, 8 àti 16 lẹ́yìn ọ̀pọ̀ áńpù. Bí àpótí yín bá jẹ́ 16 óòmù, ojú 16 ni kí ẹ fi wáyà sí. Bí áńpù tí ẹ fẹ́ rà kò bá ní ojú tó bá àpótí yín mu, ẹ fi sílẹ̀, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ẹ bá so àpótí méjì tó jẹ́ 16 óòmù mọ́ áńpù kan ṣoṣo, tí kálukú gba iná tirẹ̀ tààrà, àpapọ̀ wọn di 8. Méjì tó jẹ́ 8 á di 4. Àmọ́ bí àpótí bá ní sípíkà mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 16 óòmù, wọ́n sábà máa ń so wọ́n ní méjì-méjì tẹ̀lé ara wọn, kí wọ́n tó so ìdì méjèèjì pọ̀, kí gbogbo rẹ̀ lè padà sí 16. Nítorí náà, ẹ má fi nọ́ńbà ẹyọ sípíkà kan ṣe ìdájọ́ àpótí. Nọ́ńbà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ihò wáyà ni kí ẹ gbà gbọ́, bí wọ́n bá sì ti tún àpótí náà ṣe rí, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iná fi mítà wọ̀n ọ́n.

Èyí tó burú jù ni kí ẹ tan áńpù oní-túùbù, kí ẹ sì máa ta gìtá láìsí sípíkà lẹ́yìn rẹ̀. Agbára tó yẹ kó jáde kò ní rí ibi gbà, fóòtì á ru sókè nínú tiráńsífọ́mà, ó sì lè jó o. Áńpù tí kì í lo túùbù sábà máa ń fojú fo irú àṣìṣe yìí, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tó ti mọ́ lára kò fi kà á sí. Áńpù oní-túùbù kì í foríji ènìyàn bẹ́ẹ̀. Bákan náà, wáyà sípíkà ni kí ẹ fi so áńpù mọ́ àpótí. Ẹ má lo wáyà gìtá. Ẹnu wọn jọra, ṣùgbọ́n inú wọn yàtọ̀, ti gìtá tín-ín-rín jù fún iṣẹ́ yẹn.

Wáàtì: kì í ṣe ariwo nìkan

Ilé-iṣẹ́ Celestion ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe sípíkà tó wà nínú ọ̀pọ̀ àpótí gìtá tó lókìkí. Ẹ jẹ́ kí á fi mẹ́ta nínú tiwọn ṣe àpẹẹrẹ. G12M Greenback ń gba 25 wáàtì. Vintage 30, tó jáde ní 1986, ń gba 60, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ ń pè ní 30. G12T-75 ń gba 75. Mẹ́rin Greenback nínú àpótí kan jẹ́ 100 wáàtì. Mẹ́rin G12T-75 jẹ́ 300.

Bí wọ́n bá pe áńpù oní-túùbù ní 100 wáàtì, ó lè kọjá bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ṣí i dé góńgó. Èyí ni a fi gbà pé kí agbára àpótí tó ìlọ́po kan àtààbọ̀ ti áńpù, ó kéré tán. Bí ó bá tó ìlọ́po méjì, ọkàn á balẹ̀ sí i. Peavey 5150, tí wọ́n bá Eddie Van Halen ṣe ní 1992, jẹ́ 120 wáàtì. Kò sóhun tó máa ṣe àpótí oní-G12T-75 mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá so ó mọ́ àpótí kékeré tó ní Greenback méjì, 50 wáàtì péré, ti gbé ẹrù erin lé ewúrẹ́ lórí.

Bí sípíkà inú àpótí kan kò bá dọ́gba, èyí tó lẹ jù ni kí ẹ fi ka gbogbo wọn. Sípíkà 25 kan àti sípíkà 75 kan tí óòmù wọn bára mu kò di 100 wáàtì. 50 ni, nítorí agbára kan náà ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ ohun tí àwọn olùtajà kì í sọ. Bí ẹ bá kúrò lórí áńpù 50 wáàtì bọ́ sórí 100, dẹ́síbẹ̀lì 3 péré ni ẹ fi kún un. Etí á gbọ́ ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ọ ní ìlọ́po méjì. Nínú ìwé Celestion fúnra wọn, Vintage 30 ń ké tó dẹ́síbẹ̀lì 100 lórí wáàtì kan, G12T-75 ń ké tó 97. Ìyàtọ̀ wọn, 3 náà ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé áńpù 50 wáàtì lórí Vintage 30 lè ké tó áńpù 100 wáàtì lórí G12T-75. Ẹni tí àpótí rẹ̀ ti ń ké dáadáa ń fi owó ṣòfò bó bá ń lé 100 wáàtì kiri, pàápàá fún gbọ̀ngàn kékeré.

Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀

Ibí yìí ni àwa tó ń kọ́ èdè Yorùbá fi ní ẹnu ọ̀rọ̀. Ẹ yọ ohùn àárín kúrò nínú èdè wa, kí ẹ wo iye ọ̀rọ̀ tí yóò ṣì ní ìtumọ̀. Nínú ẹgbẹ́ olórin náà, gìtá béèsì àti ìlù ńlá ti gba ìsàlẹ̀, páànù ìlù ti gba òkè. Àárín ni ilé gìtá. Ẹni tó bá ti yọ àárín kúrò, bí ó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó nígbà tó dá wà ní yàrá, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ọ bí àwọn yòókù bá dé.

Sípíkà kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀. G12T-75 ní ìsàlẹ̀ tó pọ̀ àti òkè tó mú, àárín rẹ̀ ló fà sẹ́yìn. Vintage 30 máa ń ti apá òkè àárín síwájú. Greenback rọ̀, ó sì kún ní àárín. Áńpù náà ní ìwà. Marshall JCM800 kún fún àárín, nítorí náà òun àti G12T-75 máa ń gbé pọ̀ ní ìrọ̀rùn. Mesa/Boogie Dual Rectifier ní ìsàlẹ̀ tó nípọn, Vintage 30 sì ni ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ máa ń fi sínú àpótí Rectifier, kí àárín má baà sọnù. Ẹni tó bá gbé Rectifier lé G12T-75, tó tún yí bọ́tìnnì àárín sí òdo, ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ohùn ara rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yìn àpótí náà tún ń sọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n dí pa máa ń mú ìsàlẹ̀ le gírígírí, ìdí sì nìyẹn tí àwọn onímetal fi fẹ́ràn rẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀, ìró tó gba ẹ̀yìn jáde máa ń pa lára ìsàlẹ̀ tó gba iwájú, ohùn náà á sì fọ́n káàkiri yàrá. Bí tiyín bá ṣí, áńpù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kún lè bá a ṣe. Bí ó bá dí, tó sì tóbi, áńpù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n ni kí ẹ wá.

Àwọn tó ń takò wá

Àwọn kan á ní kí á kọ́kọ́ ra áńpù tó dára jù, kí á pààrọ̀ àpótí bó bá yá. Ẹni tó lówó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, "bó bá yá" lè di ọdún mẹ́ta. Bí ẹ bá sì fẹ́ pààrọ̀ nǹkan, owó ẹyọ sípíkà méjì tí óòmù rẹ̀ bá àpótí mu sábà máa ń kéré sí ti áńpù, ó sì ń yí ohùn padà ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò.

Àwọn mìíràn á ní áńpù tí olórin àwọn ń lò ni àwọn fẹ́. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bi ara wọn léèrè àpótí tí olórin náà gbé e lé. Ìdajì ohùn tí wọ́n fẹ́ràn wà níbẹ̀.

Ẹni tí kò ní àpótí kankan ńkọ́? Kí ó ra èyí tí áńpù àti sípíkà jọ wà nínú àpótí kan. Àwọn tó ṣe é ti bá a ṣe ìṣirò yìí.

Ọ̀rọ̀ kan kù, nítorí tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rà. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóòtì, tiwa jẹ́ 230. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn áńpù kí ẹ tó fi í sí ojú iná. Bí ó bá nílò tiráńsífọ́mà tó ń já iná wálẹ̀, ẹ ra èyí tó lágbára dáadáa, nítorí áńpù 100 wáàtì ń jẹ iná ju 100 wáàtì lọ fíìfíì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí iná rẹ̀ ń lọ sókè-sódò kì í ṣe ọ̀rẹ́ túùbù.

Ní ìparí, ẹ gbé áńpù lọ sí ìdí àpótí yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, tàbí kí ẹ gbé àpótí lọ bá áńpù. Ẹ jẹ́ kí onílù àti oní-béèsì wà níbẹ̀. Ẹ fi bọ́tìnnì gbogbo sí àárín, kí ẹ ta gìtá bí ẹ ṣe máa ta á lóde. Bí ẹ bá gbọ́ ara yín láàárín wọn láìpariwo, ẹ sanwó. Bí ẹ kò bá gbọ́, orúkọ tó wà níwájú rẹ̀ kò lè ràn yín lọ́wọ́.